Ìdí tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Gbóná Sí I Bí Ọdún Ti Ń Gorí Ọdún, àti Ohun tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Kọ̀ǹpútà ti di irinṣẹ́ pàtàkì ní àwọn ilé-iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé ní ìpínlẹ̀ wa. Òun ni àwọn akọ̀wé fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, òun ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣe àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò, òun náà sì ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti ń lo kọ̀ǹpútà nìkan fún ìdánwò UTME. Ohun kan tí ó máa ń kọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lóminú ni pé kọ̀ǹpútà tí ó tutù, tí ó sì yára nígbà tí wọ́n rà á, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ọdún bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti kọjá. Fáànù rẹ̀ á máa pariwo, iṣẹ́ rẹ̀ á máa falẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì kú lójijì nígbà tí ẹni tí ń lò ó kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Ìpinnu tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ti gbó, kí a wá owó ra òmíràn. Ìpinnu yìí ti mú kí ìdílé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí mọ̀ ni pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó gbó. Ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde kúrò lára rẹ̀ ni ó dí. Ọ̀nà tí ó bá sì dí ṣe é là, owó tí a ó fi là á kì í sì í tó owó ẹ̀rọ tuntun rárá.

Níbo ni ooru náà ti ń wá?

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà kan wà tí a ń pè ní pírósẹ́sọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò tí ó ń mú kí lẹ́tà hàn lójú ẹ̀rọ, kí fídíò ṣiṣẹ́, kí àkọsílẹ̀ owó sì jáde bí ó ti yẹ. Sílíkọ́nì pẹlẹbẹ kékeré ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn ohun tí ó dà bí ìlẹ̀kùn kéékèèké fún iná mànàmáná wà, tí à ń pè ní tiransísítọ̀. Pírósẹ́sọ̀ Intel 4004, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1971, ní tiransísítọ̀ 2,300. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù.

Nígbàkúùgbà tí àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí bá ń ṣí, tí wọ́n sì ń tì, wọ́n ń jẹ iná mànàmáná. Pírósẹ́sọ̀ kì í yí bí ẹ́ńjìnnì, kì í sì í tan ìmọ́lẹ̀ bí gílóòbù. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iná tí ó bá jẹ ni ó ń di ooru. Ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ṣe fún nǹkan bíi wáàtì 15, ọ̀pọ̀ ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì jẹ́ wáàtì 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan gílóòbù oníwáàtì 60 àtijọ́ rí, lẹ́yìn tí ó ti tàn fún ìgbà díẹ̀, mọ̀ pé ó ń jóni lọ́wọ́. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ni ó ń jáde láti orí ohun tí kò tóbi ju èékánná lọ.

Àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà mọ èyí, wọ́n sì la ọ̀nà fún ooru náà. Láti orí pírósẹ́sọ̀, ooru á gba inú ìpara kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní thermal paste kọjá sínú irin bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù tí ó jókòó lé e lórí. Irin yìí ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú-ewé ìwé. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba àárín àwọn ewé irin náà, atẹ́gùn á sì gbé ooru jáde sínú yàrá. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọ̀pá bàbà kan ni ó máa ń gbé ooru láti orí pírósẹ́sọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí fáànù wà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wé gọ́tà lásìkò òjò. Bí òjò ọdún yìí kò bá ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí ti dí gọ́tà, omi yóò kún dé ojú títì. Bí ọ̀rọ̀ pírósẹ́sọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ náà lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà tí ó ń ṣe ní ọdún tí ẹ rà á, kí ó sì máa mú ooru kan náà jáde. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti fún, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ á máa gòkè títí tí ooru tí ń jáde yóò fi bá èyí tí ń wọlé dọ́gba.

Eruku ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí irin náà ni ó ń fa eruku wọlé. Ní ilẹ̀ wa, eruku kò wọ́n. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń gbé eruku lẹ́búlẹ́bú wá bá wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wà lára àwọn ibi tí irú eruku yìí ti ń wá jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń nu tábìlì ní òwúrọ̀, tí ẹ sì tún ń rí eruku lórí rẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Eruku kan náà ń wọ inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń nù ún.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Eruku kì í dí ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ etí ewé irin. Fọ́nrán òwú ara aṣọ, irun orí àti èéfín ilé ìdáná á wá so mọ́ ọn, títí tí yóò fi di ohun kan bí òwú tí a tẹ́ sí àárín fáànù àti irin. Ní àkókò yìí, fáànù ṣì ń yí. Ó tilẹ̀ ń yí kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí kọ̀ǹpútà ti rí i pé ooru ń pọ̀, ó sì ń pàṣẹ fún un láti sáré. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò rí ọ̀nà kọjá. Ìdí nìyí tí ariwo fáànù fi máa ń ṣáájú kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àmì mìíràn ni pé bí ẹ bá gbé ọwọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ náà kò lágbára mọ́.

Kọ̀ǹpútà tí a gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń kó eruku ju èyí tí ó wà lórí tábìlì lọ. Bákan náà ni èyí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù etí ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí, tàbí nítòsí ibi tí wọ́n ti ń din nǹkan nínú epo, nítorí èéfín epo máa ń jẹ́ kí eruku lẹ̀ pinpin.

Ìpara tí ó gbẹ

Ojú irin tí ó ń dán lójú wa kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ó ti ń jọ. Ó ní ihò àti òkè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí irin méjì bá fara kan ara wọn, atẹ́gùn á wà nínú àwọn ihò náà, atẹ́gùn kì í sì í gbé ooru dáadáa: agbára tí bàbà fi ń gbé ooru ju ti atẹ́gùn tí kò mira lọ ní ìlọ́po tí ó ju 10,000 lọ. Iṣẹ́ ìpara ni láti lé atẹ́gùn kúrò nínú àwọn ihò wọ̀nyí. Òun fúnra rẹ̀ kò gbé ooru tó bàbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju atẹ́gùn lọ jìnnà.

Ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, pírósẹ́sọ̀ àti irin orí rẹ̀ á gbóná, wọ́n á sì wú díẹ̀. Bí a bá pa á, wọ́n á tutù, wọ́n á sì súnkì. Ìwọ̀n tí ọ̀kan fi ń wú kò bá ti èkejì mu. Ẹni tí ó bá ń tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́ fún ọdún mẹ́rin ti mú kí wọ́n wú, kí wọ́n sì súnkì ju ìgbà 1,400 lọ. Bí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ti ìpara náà kúrò láàárín lọ sí etí. Epo tí ó wà nínú rẹ̀ á máa yọ kúrò, èyí tí ó kù á sì gbẹ bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Níbi tí ó bá ti ya, atẹ́gùn á padà síbẹ̀, ooru kò sì ní rí ọ̀nà lọ. Ìpara tí ó dára lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí kò dára lè gbẹ láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Fáànù tí ó ti rẹ̀

Fáànù ní ọ̀pá kékeré kan tí ó ń yí lé lórí, òróró díẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ kí ó máa yọ̀. Bí ọdún ti ń lọ, òróró náà á gbẹ, eruku á sì wọ ibẹ̀. Fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, á máa gbọ̀n, á sì máa yí lọ́ra. Lọ́jọ́ kan, ó lè kọ̀ láti yí rárá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrọ̀rùn igi ni ìrọ̀rùn ẹyẹ. Ibi tí fáànù kò bá ti ní àlàáfíà, pírósẹ́sọ̀ kò lè ní in. Fáànù wà lára àwọn ẹ̀yà tí owó wọn kò pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ gbé odindi ẹ̀rọ sọnù.

Iṣẹ́ tí ó ń pọ̀ sí i

Kì í ṣe ara ẹ̀rọ nìkan ni ó ń yí padà. Iṣẹ́ tí a ń gbé lé e lórí náà ń pọ̀. Kọ̀ǹpútà tí a rà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn láti fi kọ lẹ́tà ni a ń lò lónìí fún ìpàdé orí fídíò, fún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó kún fún àwòrán àti ìpolówó, àti fún sọ́fítíwíà ààbò tí ń yẹ gbogbo fáìlì wò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tún máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra wọn bí a bá ti tan ẹ̀rọ, láìjẹ́ pé a pè wọ́n.

Èyí tí ó burú jù ni sọ́fítíwíà àwọn ọ̀daràn. Àwọn kan wà tí ń dọ́gbọ́n fi sọ́fítíwíà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ó lè máa wa owó kíríptò fún wọn. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni yóò máa san owó iná, pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣí ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ ni ó rọrùn jù fún wọn láti wọ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lò ó fi èyí sọ́kàn.

Yàrá tí ó gbóná

Kò sí fáànù tí ó lè mú pírósẹ́sọ̀ tutù ju atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ sí i lọ. Bí yàrá bá fi dígírì 5 gbóná sí i, pírósẹ́sọ̀ náà á fi nǹkan bíi dígírì 5 gbóná sí i. Ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí ó ti bàjẹ́ báyìí, yóò máa rò pé kọ̀ǹpútà ni ó ní àìsàn. Ní yàrá tí kọ̀ǹpútà ogún wà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń tú ooru tirẹ̀ sínú atẹ́gùn tí ìyókù ń fà. Bí fèrèsé bá wà ní títì, kò sí bí wọn kò ṣe ní gbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí bẹ́ẹ̀dì, tìmùtìmù tàbí ìrọ̀rí, ẹ rántí pé ihò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fa atẹ́gùn wà ní ìsàlẹ̀. Aṣọ tí ó bo ihò yìí lè mú ẹ̀rọ tuntun gbóná bí èyí tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá.

Ṣé pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ kì í gbó?

Ó ń gbó, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Iná tí ń gba inú àwọn wáyà tíntìntín rẹ̀ kọjá máa ń sún irin wọn kúrò ní ààyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tiransísítọ̀ náà sì máa ń di ọ̀lẹ bí ó ti ń pẹ́. Àwọn tí ó ṣe é ti fi ààyè sílẹ̀ fún èyí, débi pé ẹ̀yà mìíràn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín ti gbó, láìṣí inú rẹ̀ wò, kò tíì yẹ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Pírósẹ́sọ̀ tún mọ bí a ti ń dáàbò bo ara ẹni. Ó ní ohun tí ń wọn ìgbóná nínú ara rẹ̀. Bí ìgbóná bá dé òpin tí wọ́n dá fún un, tí í ṣe nǹkan bíi dígírì 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel, àti dígírì 95 fún ọ̀pọ̀ ti AMD, yóò dín eré rẹ̀ kù kí ooru lè dínkù. Bí ìgbóná kò bá rọlẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀. Ìfalẹ̀ tí a ń bínú sí yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ààbò ni.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru tí ó pọ̀ máa ń dín ọjọ́ ayé bátìrì kù, ó sì ń ba àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó wà nítòsí pírósẹ́sọ̀ jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ó bá kú lójijì lè gbé iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lọ. Bí ó bá sì jẹ́ gbọ̀ngàn ìdánwò ni, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wà, bíi Core Temp àti HWMonitor, tí ń fi ìwọ̀n ìgbóná pírósẹ́sọ̀ hàn lórí Windows. Orí íkànnì àwọn tí ó ṣe wọ́n gan-an ni kí ẹ ti gbà wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí ìtọ́sọ́nà, ní irú ojú ọjọ́ tiwa, kọ̀ǹpútà tí kò ṣe iṣẹ́ gidi sábà máa ń wà láàárín dígírì 35 sí 55. Èyí tí ń ṣiṣẹ́ takuntakun lè dé 85. Bí ó bá ń wà ní 90 sókè lemọ́lemọ́, ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí ìgbóná náà ṣe ń gòkè tún lè sọ ohun tí ó fà á:

1. Bí ìgbóná bá fò sókè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ó sì tún wálẹ̀ wàrà bí iṣẹ́ bá ti dúró, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìpara ti gbẹ tàbí pé irin kò jókòó dáadáa lórí pírósẹ́sọ̀.

2. Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, tí kò sì tètè wálẹ̀, ẹ fura sí eruku tàbí fáànù.

3. Bí ẹ̀rọ bá gbóná nígbà tí ẹ kò ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí Task Manager lórí Windows, kí ẹ wo ohun tí ń lo pírósẹ́sọ̀. Bí iye tí a kọ sí CPU bá ga láìnídìí, sọ́fítíwíà ni ọ̀rọ̀ wà.

4. Bí ó bá gbóná ní ọ̀sán ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, ẹ wo yàrá kí ẹ tó wo ẹ̀rọ.

Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹni tí ó mọ iye tí ó jẹ́ ní èṣí ni ó lè sọ pé ó ti pọ̀ sí i.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín

Ẹ kọ́kọ́ da àwọn fáìlì pàtàkì yín sí ibòmíràn. Ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kí ẹ sì yọ wáyà iná rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ gbé e bọ́ síta, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó kan ohunkóhun nínú, kí iná ara yín má baà ba ẹ̀yà inú jẹ́. Ẹ lo ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn, bíi èyí tí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń lò, tàbí búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí ó rọ̀. Ẹ fi ìka di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, nítorí eré àsápajúdé lè bà á jẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́; ẹ má sì lo aṣọ tútù.

Fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ kò lè tú, ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ sínú ihò rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní pípa. Ẹ máa lò ó lórí ohun líle tí ó tẹ́jú. Bí ẹ bá rí i pé bátìrì rẹ̀ ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì tún lo ẹ̀rọ náà títí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi yọ bátìrì náà, nítorí ó lè gbiná.

Ọ̀rọ̀ ìpara àti fáànù jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ lọ, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ ó fi ọtí isopropyl nu ìpara àtijọ́ kúrò kí ẹ tó fi tuntun sí i? Irú ìpara wo ni ẹ fẹ́ lò? Ṣé ẹ lè fi ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ hàn mí kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán? Ìpara tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ ni ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ nílò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọṣẹ ìfọyín tàbí gíríìsì mọ́tò rọ́pò rẹ̀, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àwọn tí ń ra tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti lo ọdún márùn-ún lókè òkun lè wà pẹ̀lú ìpara tí wọ́n fi sí i ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ má kàn tan án fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ sanwó. Ẹ jẹ́ kí ó fi fídíò ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wo ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, kí ẹ sì fetí sí fáànù rẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, ẹ lè dúnàádúrà dáadáa, nítorí ẹ ti mọ ohun tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́.

Fún àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́

Owó gbogbo ìlú ni a fi ra kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba. Ó dára kí a ní ìwé kan tí a ó máa kọ ìwọ̀n ìgbóná ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí, kí a sì máa gbọn eruku gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Àkókò tí ó dára jù ni ìgbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, kí a ṣe àyẹ̀wò wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí àyè ṣì wà láti ra fáànù tàbí ìpara. Kí a tó kọ orúkọ ẹ̀rọ kankan sínú ìwé àwọn ohun tí kò wúlò mọ́, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gbọn eruku rẹ̀, kí ó pààrọ̀ ìpara rẹ̀, kí ó sì tún wọn ìgbóná rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ kan bá wá kọjá àtúnṣe ní tòótọ́, kì í ṣe orí ààtàn ni ààyè rẹ̀. Òjé àti àwọn nǹkan olóró mìíràn wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, èéfín wáyà tí a sun sì léwu fún ẹni tí ń sun ún àti fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà lórí bí a ṣe ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí wọn kò wúlò mọ́. Kí a kó wọn fún àwọn tí ìjọba fún ní àṣẹ láti tú wọn palẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má tètè kà á sí òkú. Ẹ wo yàrá rẹ̀, ẹ wo eruku rẹ̀, ẹ wo fáànù àti ìpara rẹ̀, ẹ sì wo iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e lórí. Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò yí padà, ìgbà náà ni kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò yín láti ra òmíràn.